Fíìmù Yín La Fẹ́ Rà, A Ò Rí I Rà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ TAMPAN

Ẹ̀yin aṣáájú TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti oníṣẹ́ fíìmù Yorùbá, ẹ̀yin olùdarí, ẹ̀yin tí ẹ ń fowó yín gbé fíìmù Yorùbá jáde, ẹ̀yin àgbà òṣèré àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìnáwó. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Láti ìgbà káséètì VHS ni mo ti ń wo iṣẹ́ yín, mo sì ń fi í kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé iwájú yín kò ju ọ̀kan lọ: a fẹ́ ra fíìmù yín, a ò sì rí i rà mọ́.

Mo mọ̀ pé yóò ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí fíìmù Yorùbá kò pọ̀ tó báyìí rí. Ilẹ̀ kì í tíì ṣú tí tuntun mìíràn ti balẹ̀ sórí YouTube. Netflix náà ń gbé tiwa jáde, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sì ń ka ìtumọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Wíwò wà, ó pọ̀ yanturu. Rírà ni kò sí. Ẹni tó bá wo Aníkúlápó tó jáde lọ́dún 2022, tàbí Jagun Jagun tó jáde lọ́dún 2023, tó wá ní kí ó di ti òun, kí òun fi sínú àpótí, kí òun yá àbúrò òun wò, kí òun fi sílẹ̀ fún ọmọ, ta ni yóò tà á fún un? Mo ti béèrè dé Ìdúmọ̀tà, ọjà fíìmù l'Ékòó. Èmi ò tíì rí ìsọ̀ kan tó fi ojúlówó àwo rẹ̀ hàn mí.

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ò mọ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí fíìmù tuntun bá fẹ́ jáde, pósítà á gba gbogbo ara ògiri, ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn á máa yí ìgboro ká. Láti Ìdúmọ̀tà ni páálí á ti wọ mọ́tò, ó di Ìbàdàn, ó di Òṣogbo, ó di Ìlọrin. Káséètì VHS ni àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń parí lọ, àwo VCD bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀. Àwòrán VCD ò mọ́ tó ti DVD, àwo kan ò sì gbà ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi máa ń gba àwo méjì, tí ìtàn á sì tún ní apá kìíní àti apá kejì lọ́tọ̀. Síbẹ̀, tí o bá ti sanwó, ó parí. Àwo di tìẹ. O lè yá èèyàn, o lè fi tọrẹ, o lè tà á fún ẹlòmíràn, o lè wò ó títí yóò fi há. Kò sí ẹni tí yóò wọlé tọ̀ ọ́ lóru wá gbé e lọ. Ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ṣí ibi tí wọ́n ti ń yá fíìmù, ó fi ń jẹun. Ní Rye Lane ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ gàrí àti ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń to àwo fíìmù wa sí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ sì kọ́kọ́ gbọ́ òwe lẹ́nu àwọn òṣèré yín.

Gbogbo ayé ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, kì í ṣe tiwa nìkan. Netflix wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Funai ti ilẹ̀ Japan dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ fídíò VHS dúró. Netflix fúnra wọn, tó jẹ́ pé fífi DVD ránṣẹ́ sílé oníbàárà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1998, fi èyí tó kẹ́yìn ránṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Èmi ò wá sọ pé kí ẹ padà sídìí VHS. Èmi ò sì wá dá yín lẹ́bi pé ẹ gbé fíìmù lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni owó wà, ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti Toronto ti ń rí yín lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ nìkan ni ẹ ń gbé e sí.

Ẹ wo ohun tí à ń san owó oṣooṣù lé lórí. Kì í ṣe fíìmù. Àyè láti wò ó ni, àyè náà sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ yìí fìdí kalẹ̀ sí, wọ́n ti sọ ọ́ di òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 pé ẹni tó bá kọ "rà á" síwájú fíìmù orí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà kedere pé ìyọ̀ǹda lásán ló ń gbà, àfi bí oníbàárà bá lè gba fáìlì náà sílẹ̀ pátápátá, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè gbà á padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ló fa irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Sony kéde fún àwọn tó ti fowó ra ètò tẹlifíṣọ̀n Discovery lórí PlayStation, ẹ̀rọ géèmù wọn, pé wọ́n máa yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwọn tó ti sanwó o! Ariwo pọ̀, wọ́n sì tún àdéhùn ṣe, wọ́n ní àwọn ètò náà á wà fún oṣù 30 sí i, ó kéré tán. Lẹ́yìn oṣù 30 ńkọ́?

Ó kàn mí náà. Fíìmù Yorùbá kan wà tí mo yàn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lórí ìkànnì kan tí mi ò ní dárúkọ. A wo ìdajì rẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó gba ọlidé. Nígbà tí a wọlé padà, fíìmù ti lọ. Àdéhùn tó wà láàárín ẹni tó ni ín àti ìkànnì náà ti parí, wọn ò sì tún un ṣe. Mo wá a káàkiri ọjà, kò sí àwo rẹ̀ níbì kankan. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ò mọ òpin ìtàn náà títí wọ́n fi jáde ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ wá fi ìwé wé e. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú, ó jáde lọ́dún 1974. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo sì mọ ibi tí mo ti lè rà á l'Íbàdàn kí oòrùn tó wọ̀. Tí òǹkọ̀wé bá kú, tí ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ bá kógbá wọlé, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àwa òǹkàwé ò ní bá wọn lọ. Ìtàn yìí kan náà di fíìmù lọ́dún 1997. Èwo nínú méjèèjì ni olùkọ́ ọdún 2050 yóò lè gbé wọ kíláàsì?

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ ó ní olè ni. Ẹ ó ní ẹ ti ta àwo rí, ẹ sì ti rí ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ò parọ́. Kí a tiẹ̀ tó máa ta fíìmù lórí káséètì ni olè ti wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà tó ṣe fíìmù sórí sẹ́lúlọ́ìdì, fíìmù inú agolo ti ilé sinimá, Hubert Ògúndé, Adéyẹmí Afọláyàn tí a mọ̀ sí Adé Love, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń san án, nítorí náà ẹ̀dà tó ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kì í pọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, wọn kì í fi í sílẹ̀ fún alájọṣe sùn. Wọ́n sì jàre. Lọ́dún 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sálà wa, fi owó ńlá ṣe Ọ̀run Mooru. Wọ́n jí i dà kọ sórí káséètì fídíò, ó gba ìgboro kan kí bàbá tó rí owó rẹ̀ kó jọ. Gbèsè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá. Títí ó fi dágbére fáyé lọ́dún 2018, a ò yé sọ̀rọ̀ ọgbẹ́ yẹn. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní fi ẹ̀rù yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ ẹ bá mi wo òde òní. Àwo ò sí mọ́, ṣé olè ti sinmi? Fíìmù tí kò fara kan àwo rí láyé rẹ̀ ti wà lórí Telegram kí ilẹ̀ ọjọ́ tó jáde tó ṣú. Ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ifásitì, ẹ lọ sí ibùdókọ̀, ẹ lọ síwájú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹ na fíláàṣì tàbí mẹ́mọ́rì sí i, ẹ dárúkọ fíìmù, yóò dà á sí i fún yín, ẹ ó sì sanwó fún un. Ó ń sanwó sọ́ọ̀bù, ó ń gbọ́ bùkátà. Ta ni àwọn oníbàárà rẹ̀? Mo ti dúró níbẹ̀ wò wọ́n. Ìyá tó fẹ́ gbé fíìmù lọ fún ìyá tirẹ̀ lábúlé ni. Awakọ̀ tó ń rìn lóru ni. Tíṣà ni. Gbogbo wọn ló mú owó dání, tí wọ́n fẹ́ ohun tí yóò jẹ́ tiwọn, tí wọn ò rí ẹni tó ni ọjà níbi tí ó yẹ kó ti máa tà á. Owó tí wọ́n ń san yẹn, owó yín ni. Kò dé ọ̀dọ̀ yín nítorí pé ẹ ò sí níbẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Ẹ gbà pé ẹni tó fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan tó fẹ́ lọ ni gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ ní i. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò fún un lápá, á fún un lọ́rùn, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Lórí fíìmù, a máa ń rí i nígbà tí dátà bá tán láàárín ìtàn. Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan lè jẹ dátà tó 1GB bí àwòrán bá wà ní ìwọ̀nba, ó sì lè tó 3GB bí ó bá mọ́ gaara. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá ní àwo tàbí fáìlì, ó lè wò ó nígbà mẹ́wàá kó má náwó kankan sí i ju ti iná mànàmáná lọ. Ẹni tó ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì á máa san án ní gbogbo ìgbà tó bá wò ó, kò sì sí kọ́bọ̀ nínú owó dátà tó ń bọ́ sápò yín.

Ọ̀rọ̀ YouTube tún dùn mí lọ́nà mìíràn. Àwọn fíìmù àtijọ́ tí ẹ rò pé wọ́n wà ní ìpamọ́ níbẹ̀, ẹ ti wò wọ́n dáadáa láìpẹ́ yìí? Láti inú káséètì tó ti gbó ni wọ́n ti da púpọ̀ nínú wọn kọ. Wọ́n lẹ orúkọ ìkànnì mọ́ igun àwòrán. Wọ́n yí àkọlé padà kí ẹni tó ti wò ó tẹ́lẹ̀ lè rò pé tuntun ni, débi pé ẹ ò lè fi orúkọ tí ẹ sọ ọmọ yín wá a rí mọ́. Èyí tó burú jù fún èmi ni ti orin. YouTube ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ orin, bí ẹnì kan bá sì ti sọ pé òun ló ni orin kan, wọ́n lè pa ohùn ibẹ̀. Nínú fíìmù àwọn ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ pé adùn ló dín kù. Nínú tiwa, ọ̀rọ̀ ló lọ. Onígángan ń fi ìlù kìlọ̀ fún ọba, àwọn ará ààfin ń fi orin dá a lóhùn, ìtàn náà sì wà nínú orin ọ̀hún. Ẹ bá mi ro kíláàsì tí èmi ń bi àwọn ọmọ léèrè pé kí ni ìlù yẹn sọ, tí ẹnu àwọn òṣèré ń mì, tí ibẹ̀ dákẹ́ lọ gbáú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn fíìmù Hausa kan, nítorí ó kan gbogbo wa. Shaihu Umar ni, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1976 láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Wọ́n ti gbà pé ó ti sọnù. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó rí agolo fíìmù náà nínú ilé ìpamọ́ ìjọba tó wà ní Jos. Wọ́n gbé e lọ sí Berlin, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún 2018. Kò sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀ dáadáa ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Iná ń lọ, eruku ń bò ó, ooru ń mú un. Ṣùgbọ́n ó wà, ó ṣeé gbé, agolo rẹ̀ wà nílẹ̀. Fíìmù tí wọ́n bá pa rẹ́ lórí ẹ̀rọ ìkànnì kì í ní agolo tí ẹnikẹ́ni yóò bá pàdé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Bí hard drive tí ẹ da ojúlówó rẹ̀ sí bá sì ti kú sínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì, ó parí nìyẹn.

Kí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹ̀tọ́ títà. Nígbà tí ìkànnì kan bá gbé ìwé àdéhùn síwájú yín, ẹ má fi ẹ̀tọ́ láti ta àwo àti fáìlì sínú ohun tí ẹ ń gbé fún wọn, tàbí kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ẹ lómìnira láti tà á. Mo mọ̀ pé ẹni tó nílò owó lójú ẹsẹ̀ kò lágbára láti bá ilé iṣẹ́ ńlá ṣe fàá-ká-ja-á. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé sí ẹgbẹ́, tí mi ò kọ ọ́ sí olùgbéréjáde kan ṣoṣo. Bí àwọn aṣáájú TAMPAN bá fẹnu kò lórí ìlà kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á máa fi sínú ìwé àdéhùn wọn, ẹni kékeré á rí ohun tí yóò fẹ̀yìn tì. Àwọn ìkànnì yìí náà kì í wà síbi kan títí. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Amazon Prime Video kéde pé àwọn ò ní gbé iṣẹ́ tuntun jáde nílẹ̀ Áfíríkà mọ́, àwọn tó ti ń gbọ́kàn lé wọn sì kù síta.

Ẹ wá tà á ní irú ọ̀nà tí a ń gbà gbé ayé báyìí. Pláyà ti wọ́n nílé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé mélòó ni kò ní tẹlifíṣọ̀n tó ní ojú fíláàṣì? Ẹ fi fíìmù sórí fíláàṣì tó ní àmì ẹgbẹ́ lára, ẹ fi sínú páálí tó wuyì, kí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju èyí tí ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń tà lọ. Fún àwa tí a fẹ́ àwo, ẹ ṣe ìwọ̀nba. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é dénú, ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ kan sí i: orúkọ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, títí kan onílù àti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin, ọ̀rọ̀ orin náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, oríkì tí wọ́n kì, àti àlàyé ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀. Ẹ̀yin ò mọ iye olùkọ́ tí yóò ra irú páálí bẹ́ẹ̀. Àwọn máàkẹ́tà tó mọ ọ̀nà Ìdúmọ̀tà àti Alábà dunjú ṣì wà láyé, ọ̀pọ̀ wọn ló jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ dé nìyẹn.

Ti ìpamọ́ ò gbọdọ̀ dúró de títà. Fíìmù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣe, kí ẹ̀dà kan lọ sí Jos, kí òmíràn lọ sí ifásitì tó ń kọ́ni ní Yorùbá, ìbáà ṣe ti Ìbàdàn, ìbáà ṣe Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀. Amẹ́ríkà tó kó íntánẹ́ẹ̀tì dé kò fi fíìmù tirẹ̀ sílẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì: láti ọdún 1989 ni Library of Congress wọn ti ń yan fíìmù 25 lọ́dọọdún tí wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú fún ìran tó ń bọ̀.

Àwọn fíìmù àtijọ́ ló tiẹ̀ kánjú jù. Káséètì ń bu, àwo ń ṣí, àwọn tó mọ ibi tí ojúlówó wà sì ń dàgbà, òmíràn ti lọ. Ọ̀pọ̀ ojúlówó wà lọ́wọ́ máàkẹ́tà tó fowó sílẹ̀ nígbà náà, tí ọmọ òṣèré tó ti kú ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ yín ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ fíìmù tó mọ̀ sílẹ̀, ẹni tó ṣe é, ọdún tó jáde, ẹni tí káséètì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kò gba owó. Ìwé àti bírò ló gbà, pẹ̀lú ẹni tó ní sùúrù láti máa kan ilẹ̀kùn. Èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi l'Íbàdàn ti ṣe tán láti ṣe ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú yín láìgba kọ́bọ̀.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ara ohun tí ẹ ó jíròrò. Bí fíìmù kan ṣoṣo bá jáde lórí fíláàṣì tàbí lórí àwo lẹ́yìn ìpàdé náà, ẹ kéde ibi tí a ti lè rà á àti iye rẹ̀. Mo máa ra ti kíláàsì mi, mo sì máa ra ti ilé mi lọ́tọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá kan,
Ìbàdàn.